Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí

Àwọn baba wa máa ń sọ pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá kankan, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn kì í kíyèsí. Alákàn ní ọwọ́ méjì tí ó dà bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Bí ó bá fi gbá ọmọ ìka ènìyàn mú, olúwarẹ̀ yóò ké. Síbẹ̀ àwọn àgbà kò sọ pé ọwọ́ ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú ni wọ́n ní ó fi ń ṣọ́ ọ. Nínú àròkọ yìí, a ó wo ìtàn bí àwọn ènìyàn ti ń kó ara wọn jọ láti ṣọ́ àdúgbò wọn. A ó rí i pé níbi tí wọ́n bá ti fi ojú, etí àti ẹnu ṣe iṣẹ́ náà, ìlú a máa tòrò. Ṣùgbọ́n níbi tí ọwọ́ bá ti yá ju ojú lọ, ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ a máa ta sílẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣọ́ àdúgbò kì í ṣe ohun tuntun lábẹ́ ọ̀run. Ní ọdún 1285, Edward Kìíní, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe òfin kan ní ìlú Winchester. Ní àkókò náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ọlọ́pàá tí a mọ̀ lónìí, olè jíjà àti ìpànìyàn sì ń kó ìdààmú bá àwọn ará ìlú. Òfin náà pa á láṣẹ pé kí a máa ti ẹnubodè gbogbo ìlú olódi láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ títí di ìgbà tí yóò tún là. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ọkùnrin mẹ́fà ni yóò máa ṣọ́ ẹnubodè kọ̀ọ̀kan ní ìlú ńlá. Méjìlá ni yóò máa ṣọ́ ìlú tí kò tó bẹ́ẹ̀. Mẹ́fà tàbí mẹ́rin ni yóò sì máa ṣọ́ ìletò, gẹ́gẹ́ bí iye àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ bá ti tó. Bí àlejò kan bá ń kọjá lóru, wọn yóò dá a dúró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí wọn kò bá rí ohun ìfura lára rẹ̀, kí ó máa bá tirẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá sì fura sí i, kí wọ́n fà á lé aṣojú ọba lọ́wọ́. Bí ó bá kọ̀ fún wọn tí ó sì sá lọ, kí wọ́n figbe ta, kí àwọn ènìyàn sì máa lépa rẹ̀ láti ìletò dé ìletò títí ọwọ́ yóò fi tẹ̀ ẹ́. Agbègbè tí a bá ti jalè, tí àwọn ará ibẹ̀ kò sì lè fa olè náà kalẹ̀, ni yóò san ohun tí ó sọnù.

Nílẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, kí ìjọba òyìnbó tó dé, odi àti yàrà ni ó yí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú ká. Oníbodè ń bẹ ní ẹnubodè, àwọn ọdẹ sì ń fi òru ṣọ́ ìlú. Àlejò tí ó bá wọ̀lú ní láti ní onílé tí yóò gbà á sílé, tí yóò sì lè sọ irú ẹni tí ó jẹ́. Bí a bá wo ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ àti ti àwọn baba wa pọ̀, a ó rí i pé ohun méjì ni wọ́n fi jọ ara wọn. Èkíní ni pé àwọn tí ń ṣọ́ ìlú mọ àwọn ará ìlú, wọ́n sì tètè ń dá àjèjì mọ̀. Èkejì ni pé ẹni tí ń ṣọ́ ìlú kì í ṣe ẹni tí ń dájọ́. Níwájú ọba, baálẹ̀ tàbí adájọ́ ni ọ̀ràn ẹni tí a bá mú ti ń parí.

Nígbà tí ó ṣe, iṣẹ́ ṣíṣọ́ yìí sú àwọn ará London. Àwọn tí ó lówó lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún ẹlòmíràn láti dúró fún wọn, àwọn tí wọ́n sì ń gbà sí iṣẹ́ náà di ẹni yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ará ìlú, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti darúgbó. Ní ọdún 1829, Robert Peel, tí ó wà nídìí ọ̀ràn abẹ́lé nínú ìjọba, mú kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin dá ẹgbẹ́ ọlọ́pàá London sílẹ̀. Ohun rere ni èyí jẹ́, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì wo àwòkọ́ṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé ipa tiwọn. Ní àwọn ìlú ńlá, ẹni tí ó ń gbé òkè lè máà mọ orúkọ ẹni tí ó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé kan náà. Bí igbe bá ta lóru, olúkúlùkù a máa sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé iṣẹ́ ọlọ́pàá ni.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí ó ṣẹ̀ ní ìlú New York, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, fi ibi tí irú èrò bẹ́ẹ̀ lè já sí hàn. Ní òru ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 1964, ní nǹkan bí aago mẹ́ta, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí a ń pè ní Kitty Genovese ń ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ bọ̀ wá sí ilé rẹ̀ ní àdúgbò Kew Gardens. Ọmọ ọdún 28 ni. Ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí sá tẹ̀lé e, ó sì fi ọ̀bẹ gún un. Ọmọbìnrin náà ké pé kí wọ́n gba òun. Aládùúgbò kan yọjú láti ojú fèrèsé, ó sì pariwo pé kí ọkùnrin náà fi ọmọbìnrin náà sílẹ̀. Apànìyàn náà sá. Kitty rá pálá lọ sí ẹ̀yìn ilé láti wá ibi tí yóò wọ̀. Nígbà tí kò sí ẹni tí ó jáde, ọkùnrin náà padà wá, ó wá a títí ó fi rí i, ó sì tún gún un. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìwé ìròyìn New York Times kọ ọ́ pé ènìyàn 38 ni ó ń wo ìpànìyàn náà fún ohun tí ó ju ààbọ̀ wákàtí lọ, tí ẹnì kan nínú wọn kò sì pe ọlọ́pàá ní gbogbo ìgbà náà. Ìròyìn yìí ká gbogbo ayé. Ìwádìí tí a ṣe lẹ́yìn ọdún púpọ̀ fi hàn pé àsọdùn wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ó fi ojú ara wọn rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àwọn yòókù gbọ́ igbe nìkan, àwọn kan sì rò pé ọ̀mùtí ni ó ń jà tàbí pé aáwọ̀ àárín ọkùnrin àti obìnrin rẹ̀ ni. Obìnrin aládùúgbò kan tilẹ̀ sá sọ̀kalẹ̀ lọ bá Kitty láì mọ̀ bóyá apànìyàn náà ṣì ń bẹ nítòsí, ó sì gbé e mọ́ra títí àwọn tí yóò ràn án lọ́wọ́ fi dé. Ó yẹ kí a ka iṣẹ́ akọni obìnrin yìí fún un. Ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ yọ àsọdùn kúrò, ohun tí ó ṣẹ́kù dunni púpọ̀. Àwọn kan gbọ́ igbe, wọ́n sì padà sùn. Ọkùnrin kan ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀, ó sì tún ilẹ̀kùn náà tì. Kí ó tó wá ẹni tí yóò bá a dá sí ọ̀ràn náà, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní òru ọjọ́ náà, àgbà wà lọ́jà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ apá kan ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó mọ bí ọwọ́ ṣe tẹ apànìyàn náà. Ní ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn ikú Kitty, ní àdúgbò Ozone Park ní ìlú New York kan náà, ọkùnrin kan rí àjèjì kan tí ń gbé tẹlifíṣàn jáde láti ilé ẹlòmíràn. Ó bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe. Àjèjì náà dáhùn pé àwọn onílé ń kó lọ sí ibòmíràn, òun sì ń bá wọn kó ẹrù ni. Ọkùnrin yìí kò bá a jà, kò sì gbà á gbọ́. Ó bi aládùúgbò rẹ̀ kan léèrè bóyá òótọ́ ni pé àwọn onílé náà ń kó lọ. Aládùúgbò náà ní rárá, wọn kò kó lọ sí ibì kankan. Ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì pe ọlọ́pàá, ẹnì kejì sì ṣe ọkọ̀ àjèjì náà ní ọ̀nà tí kò fi lè gbéra. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá mú un, tí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó jẹ́wọ́ pé òun ni òun pa Kitty Genovese. Winston Moseley ni orúkọ rẹ̀. Inú ẹ̀wọ̀n ni ó kú sí ní ọdún 2016.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì wé ara wọn. Ọkùnrin kan náà ni. Ìlú kan náà ni. Àárín wọn kò sì ju ọjọ́ mẹ́fà lọ. Ní Kew Gardens, igbe ńlá ta, kò sì tó láti gba ẹ̀mí kan là. Ní Ozone Park, igbe kankan kò ta. Ìbéèrè kan ṣoṣo láàárín aládùúgbò méjì ni ó mú apànìyàn. Àwọn ọkùnrin méjì náà kò ní ìbọn lọ́wọ́, wọn kò sì na ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ní ni pé wọ́n mọ ẹni tí ó ni ilé, wọ́n sì lè bi ara wọn léèrè ọ̀rọ̀.

Ikú Kitty kò jẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé sinmi. Ní ọdún 1968, àwọn olùkọ́ yunifásítì méjì, John Darley àti Bibb Latané, tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde. Wọ́n mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn ẹnì kan tí ó dà bí ẹni pé wárápá mú láti yàrá mìíràn. Nínú àwọn tí ó rò pé àwọn nìkan ni ó gbọ́ ọ, ìdá 85 nínú 100 ni ó jáde lọ wá ìrànlọ́wọ́ kí ohùn náà tó dákẹ́. Nínú àwọn tí ó rò pé àwọn mẹ́rin mìíràn ń gbọ́ ọ pẹ̀lú, ìdá 31 péré nínú 100 ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ọkàn àwọn wọ̀nyí le. Olúkúlùkù ń rò pé ẹlòmíràn yóò lọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tètè lọ. Níbi tí a kò bá ti pín iṣẹ́ fún ẹnì kan pàtó, iṣẹ́ gbogbo ènìyàn a máa di iṣẹ́ tí kò ní olówó.

Láti tún èyí ṣe ni àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹgbẹ́ olùṣọ́ àdúgbò sílẹ̀ ní ọ̀nà tuntun. Ní ọdún 1972, ẹgbẹ́ àwọn olórí agbófinró ní Amẹ́ríkà gbé ètò kan kalẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà, kí àwọn aládùúgbò lè máa bá ọlọ́pàá ṣọ́ ilé ara wọn. Ní ọdún 1982, àwọn ará ìletò Mollington, nítòsí ìlú Chester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè wọn sílẹ̀, láti gba ara wọn lọ́wọ́ àwọn kólékólé. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn ká.

Bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò le. Àwọn ará òpópónà kan tàbí méjì a pe ìpàdé, onílé àti ayálégbé, ọkùnrin àti obìnrin. Wọ́n a ké sí ọlọ́pàá tí ó wà ní àgbègbè náà láti wá bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n a kọ orúkọ olúkúlùkù àti nọ́ńbà tẹlifóònù rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n a sì fi ẹnì kan ṣe olórí fún òpópónà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá ń lọ sí ìrìn-àjò, a sọ fún ẹni tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n a tún àwọn ibi tí ó ṣókùnkùn ṣe kí iná lè mọ́lẹ̀ níbẹ̀, wọ́n a sì rọ ara wọn láti máa ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé dáadáa, nítorí pé bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Lékè gbogbo rẹ̀, wọ́n a fi ohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tí yóò pe ọlọ́pàá nígbà tí ohun ìfura bá ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹlòmíràn ti pè é.

Síbẹ̀, ohun rere náà ní ewu tirẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 2012, ní ìlú Sanford ní ìpínlẹ̀ Florida, ọmọdékùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 17, Trayvon Martin, ń ti ilé ìtajà bọ̀. Ó ra ohun mímu àti ohun dídùn tí àwọn ọmọdé máa ń jẹ. Àlejò ni òun àti bàbá rẹ̀ jẹ́ ní ilé kan nínú ọgbà ilé náà. Olórí ẹgbẹ́ olùṣọ́ àdúgbò ibẹ̀ rí i láti inú ọkọ̀ rẹ̀, ó fura sí i, ó sì pe ọlọ́pàá. Títí dé ibi tí a dé yìí, kò tíì ré òfin ẹgbẹ́ kọjá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó sọ pé òun ń tẹ̀lé ọmọ náà, ẹni tí ó gbé tẹlifóònù ní ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá sọ fún un pé kò pọn dandan kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ìbọn sì wà lára rẹ̀. Ìjàkadì ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti ọmọ náà, ó yìnbọn, Trayvon Martin sì kú. Ọkùnrin náà wí pé òun gbèjà ara òun ni. Ní oṣù keje ọdún 2013, ilé-ẹjọ́ dá a sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà gbà pé àwọ̀ ara ọmọ náà wà lára ohun tí ó mú kí a fura sí i. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ọmọ kan tí kò jalè, tí kò mú ohun ìjà lọ́wọ́, kò padà sí ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òkè òkun nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2012 kan náà, ní ìletò Aluu nítòsí Port Harcourt, ní orílẹ̀-èdè wa Nàìjíríà, àwọn èrò mú akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Port Harcourt mẹ́rin, wọ́n ní olè ni wọ́n. Wọn kò fà wọ́n lé adájọ́ lọ́wọ́. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ dá ẹjọ́ ikú fún ènìyàn mẹ́ta nítorí ọ̀ràn náà, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọlọ́pàá. Ìdájọ́ náà kò lè jí òkú kankan dìde. Ẹ kíyèsí i pé ní Aluu, gbogbo ènìyàn ni ó ní ojú, àwọn kan tilẹ̀ fi tẹlifóònù ya àwòrán ohun tí ń ṣẹlẹ̀; ṣùgbọ́n ọwọ́ ti gba iṣẹ́ ojú ṣe, ẹnu tí ì bá sì bá wọn wí kò lágbára tó láti dá wọn dúró.

Ẹnì kan lè béèrè pé: bí olè bá gbé ìbọn dání, kí ni ojú lásán lè ṣe sí i? Bí ọlọ́pàá bá sì pẹ́ kí ó tó dé ńkọ́? Ìbéèrè pàtàkì ni èyí, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ wa, ọlọ́pàá máa ń pẹ́ lóòótọ́, ìbínú àwọn tí olè ti jà ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kì í sì ṣe ìbínú asán. Ṣùgbọ́n kólékólé tí ó mọ̀ pé ojú mẹ́wàá ń wo òun kì í fẹ́ wọ ilé. Òkùnkùn àti àìmọra-ẹni ni ó ń wá, àwọn wọ̀nyí gan-an sì ni ẹgbẹ́ olùṣọ́ ń mú kúrò. Bí adigunjalè bá sì dé, fèrè tí a fọn, agogo tí a lù àti iná tí ó tàn ní ogún ilé lẹ́ẹ̀kan náà ń dẹ́rù bà á ju kùmọ̀ ènìyàn méjì lọ. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, kí a dì í mú, kí a sì fà á lé òfin lọ́wọ́. Òfin Winchester ti sọ èyí ní ohun tí ó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn, àwọn baba wa pẹ̀lú sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá pa ènìyàn láìsí ẹjọ́ kò lè mọ̀ láé bóyá olè ni ó pa tàbí àlejò aládùúgbò rẹ̀.

Nítorí náà, ìwọ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ń ka ìwé yìí, má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà nìkan ni èyí. Kò yẹ kí a rán ọmọdé lọ dúró sí ìta lóru, ṣùgbọ́n ojú ọmọdé mú, ó sì máa ń rí ohun tí àgbà fojú fò. Mọ orúkọ àwọn tí ń gbé ní ọ̀tún àti ní òsì ilé yín. Máa kí wọn ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, nítorí pé ẹni tí a ń kí lójoojúmọ́ ni a ń tètè mọ̀ nígbà tí wàhálà bá dé bá a. Bí o bá rí ohun tí kò yé ọ, sọ fún bàbá tàbí ìyá rẹ ní kíá, má sì sọ pé ẹlòmíràn yóò sọ ọ́. Bí o bá gbọ́ igbe ẹni tí ń wá ìrànlọ́wọ́, má ṣe padà sùn kí o tó jí àwọn àgbà. Bí o bá sì bá èrò níbi tí wọ́n ti ń na ẹni tí wọ́n pè ní olè, má ṣe ju òkúta kankan, má sì dúró wòran. Sáré lọ pe àgbà tí ó lè bá wọn sọ̀rọ̀, tàbí ọlọ́pàá tí ó bá wà nítòsí.

Àwa tí a ń gbé inú ilé tí a mọ ògiri yí ká, tí a sì fi irin dí fèrèsé rẹ̀, rò pé a ti fi ara pamọ́ fún olè. Lóòótọ́ ni a ń fi ògiri dí ọ̀nà olè, ṣùgbọ́n ó tún ń dí wa lójú láti rí aládùúgbò wa. Àwọn ọkùnrin méjì ní Ozone Park mọ ẹni tí ó ni ilé tí kì í ṣe tiwọn. Ìmọ̀ kékeré yẹn ni ó mú apànìyàn, ọwọ́ wọn sì mọ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Irú ìṣọ́ bẹ́ẹ̀ ni kí a bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò tiwa.